PLC line 1 ò dáhùn ní kọ́ńtírólù rúùmù mọ́, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páńẹ̀lì ń rí i dáadáa

ỌmọPáńẹ̀lì:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti sú mi. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ mínírà sínú ìgò ni mo wà, apá Agbára níbí. Line mẹ́ta la ní, ControlLogix ló wà lórí gbogbo wọn, ìyẹn PLC, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ. 1756-EN2T ni module Ethernet, èyí tó so PLC mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó wà nínú chassis (àpótí tí wọ́n ń ki module sí) kọ̀ọ̀kan. Line 1 ni 10.10.20.15, line 2 ni .16, line 3 ni .17. PanelView, ìyẹn screen tó wà lára ẹ̀rọ náà, àtàwọn drive tó ń darí mọ́tò ẹ̀ wà ní 10.10.20 yẹn kan náà. Kọ̀ǹpútà SCADA, tí a fi ń wo gbogbo line, wà lókè ní kọ́ńtírólù rúùmù, òun wà ní 10.10.30.8.

Àwọn ará IT wá ní wíkẹ́ǹdì, wọ́n yọ router àtijọ́ kúrò, wọ́n gbé tuntun sí i. Láti Mọ́ńdè àárọ̀ ni SCADA ò ti rí line 1 mọ́. Line 2 ò ṣe nǹkan kan, line 3 ò ṣe nǹkan kan, line 1 nìkan ni gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ di àmì ìbéèrè lójú screen. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ o, ìgò ń lọ, PanelView ń fi gbogbo nǹkan hàn bó ṣe yẹ. Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ sídìí páńẹ̀lì, mo fún un ní 10.10.20.99, mo ping .15, ìyẹn ni pé mo pè é wò bóyá á dáhùn, kíá ló dáhùn, RSLinx tí a fi ń bá PLC sọ̀rọ̀ náà rí i. Mo gun òkè padà, mo ping láti orí SCADA, Request timed out, Request timed out, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ṣáá.

IT ní kì í ṣe ẹjọ́ àwọn, pé tó bá jẹ́ router ni, ṣebí line 2 àti 3 náà ò ní dáhùn. Ẹnu wọn ò wọ̀ mí nínú ṣùgbọ́n mi ò rí èsì kankan fún wọn. Mo ti pààrọ̀ kébù, mo ti gbé e sí port míì lórí switch, kò yí padà. Mánéjà production ń pè mí ṣáá torí kò rí ripọ́ọ̀tù line 1. Ṣé module ló fẹ́ kú ni? Ọ̀kan wà ní stọ́ọ̀ ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ já a láìjẹ́ pé ó dá mi lójú, ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń tà á.

WáyàPupa:

Egbò yìí ò ju 888 lọ bọ̀ọ̀dá. Fa module yẹn jáde, yí àwọn bọ́tìnì róbótó mẹ́ta tó wà lórí ẹ̀ sí 888, tì í padà kó reset, fà á jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o yí i sí 015, ó parí. Mo ti ṣe é láìmọye ìgbà.

BàbáLadder:

WáyàPupa, rọra o, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. 888 á nu gbogbo settings tó wà nínú module yẹn nù, á padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde nínú páálí. Tó bá wá yí i sí 015 bó o ṣe wí, àdírẹ́sì tí module máa gbé dìde ni 192.168.1.15, torí nọ́ńbà 001 dé 254 lórí bọ́tìnì yẹn, 192.168.1 ni wọ́n máa ń fi síwájú ẹ̀, kò mọ 10.10.20 rárá. PanelView á pàdánù ẹ̀, àwọn drive á fault, line á dúró, SCADA tí à ń wá náà ò sì ní rí i. Ìṣòro kan á wá di mẹ́rin.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń kà á, module yẹn ò ṣeé yí bọ́tìnì ẹ̀ nígbà tó wà nínú chassis, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá fà á jáde. Lóòótọ́ wọ́n ṣe é kó ṣeé fà jáde kí iná wà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan tó ń gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ló máa já. Ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tí production ń lọ.

ỌmọPáńẹ̀lì, module rẹ ò kú. Module tó kú kì í dáhùn ping láptọ́ọ̀pù, kì í gbé PanelView àti drive. Sọ àwọn nǹkan yìí fún wa: kí ni ojú kékeré orí module ń kọ lọ kọ bọ̀, àwọ̀ wo ni iná NET, LINK àti OK wà, kí ni arp -a (àṣẹ tó ń fi MAC tó wà nídìí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan hàn) kọ lórí láptọ́ọ̀pù rẹ lẹ́yìn tó o ping .15. Kó o fi MAC, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ, tó o bá rí wé èyí tí wọ́n tẹ̀ sára module. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹlòmíì ló ń jẹ́ orúkọ ẹ̀.

ỌmọPáńẹ̀lì:

Ẹ ṣé gan-an sà. Ojú kékeré yẹn ń kọ 10.10.20.15 lọ, ó ń kọ OK. NET tan gírínì, kò ṣẹ́jú. LINK ń ṣẹ́jú gírínì. OK gírínì. arp -a fún mi ní 00-1d-9c ni ìbẹ̀rẹ̀ MAC yẹn, ìyókù bá ti ara module mu. Mo tún wo Port Configuration nínú RSLinx, Static (àdírẹ́sì tí wọ́n fi pamọ́ sínú ẹ̀) ni wọ́n fi sí, gateway (ẹnu ọ̀nà sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì) 10.10.20.1, mo bi IT, wọ́n ní 10.10.20.1 náà ni router tuntun. Nítorí náà gateway náà dáa.

BàbáLadder:

Ó dáa. 00-1d-9c, Rockwell ni yẹn lóòótọ́, MAC bá mu, kò sí ayédèrú níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ méjì ń pín àdírẹ́sì kan ni, NET ò bá pọ́n koko, ojú kékeré náà á kọ ọ́ jáde. A lè yọ ìyẹn kúrò. NET tó tan gírínì láìṣẹ́jú, ìyẹn ni pé ó ní àdírẹ́sì, ẹnì kan sì ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Tó bá ń ṣẹ́jú gírínì, ó ní àdírẹ́sì ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá connection pẹ̀lú ẹ̀. Tó bá kú pátápátá, kò tíì ní àdírẹ́sì.

Adé_ìlúÒyìnbó:

Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o. Ní ibi iṣẹ́ wa ní England níbí, a ti rí irú ẹ̀, duplex ló fà á, ìyẹn bóyá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà (full) tàbí kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn (half). Ẹnì kan ti lọ fi 100 Full sórí module ní tipátipá, switch sì wà ní auto, ìyẹn làwọn méjèèjì ò fi gbọ́ ara wọn yé. Ẹ ṣí browser, ẹ tẹ 10.10.20.15 síbẹ̀, ojú ìwé module náà á ṣí, ẹ lọ sí Ethernet statistics.

BàbáLadder:

Adé, ibi tó dáa láti wò ni o, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀ pé module yìí ní ojú ìwé tiẹ̀. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá wà ní 100 Full tí wọ́n kàn án mọ́ ọn, tí èkejì wà ní auto, èyí tó wà ní auto á mọ speed ṣùgbọ́n kò lè mọ duplex, á bá sọ ara ẹ̀ di half. Ẹ̀gbẹ́ tó di half á máa ka late collision (ọ̀rọ̀ tó forí gbárí), ẹ̀gbẹ́ tó wà ní full á máa ka FCS error (ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ lọ́nà). Tí àwọn nọ́ńbà yẹn bá ń gòkè bẹ́ ẹ ṣe ń refresh, ẹ ti mú olè.

Ṣùgbọ́n mi ò rò pé òun la ní níbí. Duplex kì í mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Á máa fa ẹsẹ̀, á máa já á máa so, PanelView náà á jẹ nínú ẹ̀. Tiẹ̀ yìí, gbogbo ẹni tó wà ní 10.10.20 ló ń rí i geerege, ẹni tó wà ní òdìkejì router nìkan ni kò rí i. Wò ó ṣá, kò ní ná ọ ní nǹkan kan.

ỌmọPáńẹ̀lì:

Mo ti wò ó sà. Òdo ni gbogbo error, 100 Mbps, Full Duplex, switch náà sọ bákan náà.

Nǹkan kan tún wà. Mo ṣí RSLinx lórí kọ̀ǹpútà kan ní kọ́ńtírólù rúùmù, driver EtherNet/IP, kò tiẹ̀ rí line kankan, àní line 2 àti 3 tí SCADA ń rí. Ìyẹn ló tún dá kún ìdààmú mi.

ÌyáRouter:

Ẹ jẹ́ n dá sí i. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe, àwọn ará PLC ló máa ń pè mí tí wọ́n bá ti ń bá IT jà.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ RSLinx yẹn dà yín láàmú. Driver EtherNet/IP máa ń ké sí gbogbo ayé nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà ni, broadcast ni, broadcast kì í sì í kọjá router. Tí ẹ bá wà ní 10.10.30, ẹ ò ní rí ẹnì kankan ní 10.10.20 bí gbogbo nǹkan tiẹ̀ dáa, àfi tí ẹ bá sọ fún un kó lọ browse ibòmíì. Ẹ lo driver Ethernet devices, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ 10.10.20.16 síbẹ̀, ẹ máa rí line 2 lójú ẹsẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi ọ́. O sọ gateway fún wa. Subnet mask ńkọ́? Ti line 1, àti ti line 2, kọ méjèèjì síbí.

ỌmọPáńẹ̀lì:

Ẹ kú iṣẹ́ Ma. Line 1: 255.255.0.0. Line 2: 255.255.255.0. Line 3 bákan náà pẹ̀lú line 2.

Ṣùgbọ́n Ma, line 1 ti wà bẹ́ẹ̀ kí n tó dé iléeṣẹ́ yìí, fáìlì àwọn tó fi line yẹn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, 255.255.0.0 náà ló wà níbẹ̀. Ó sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú SCADA títí di wíkẹ́ǹdì yẹn.

ÌyáRouter:

Ohun tí mò ń wá nìyẹn. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, torí IT á tún ní kì í ṣe ẹjọ́ àwọn, apá kan ẹ̀ sì jẹ́ òótọ́.

Mask ló ń sọ fún module ibi tí ògiri agboolé ẹ̀ dé. Ẹni tó bá wà nínú agboolé, òun fúnra ẹ̀ á pè é lórúkọ. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ògiri, á gbé ọ̀rọ̀ lọ fún ẹnu ọ̀nà, ìyẹn gateway, kó bá a gbé e lọ. Module tó ní 255.255.255.0 mọ̀ pé 10.10.20 nìkan ni agboolé òun. Èyí tó ní 255.255.0.0 rò pé gbogbo ẹni tó bá ti ń jẹ́ 10.10 ni ará ilé òun, títí kan SCADA rẹ tó wà ní 10.10.30.8.

Nígbà tó o bá ping láti òkè, mask kọ̀ǹpútà SCADA dáa, ó mọ̀ pé 10.10.20.15 ò sí lọ́dọ̀ òun, ó gbé e fún router, router gbé e wọ 10.10.20, ó sì dé ọ̀dọ̀ module. Ẹ gbọ́ o, ping yẹn ń DÉ. Èsì ni kò lè padà. Module wo 10.10.30.8, ó ní ará ilé ni, kò lọ sí gateway rárá, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ARP nínú 10.10.20 pé ta ló ń jẹ́ 10.10.30.8. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gateway tó dáa ò fi ràn án lọ́wọ́, kò débi tó máa lò ó.

Kí ló wá dé tó fi ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀? Proxy ARP. Ọ̀pọ̀ router, pàápàá ti Cisco, inú páálí ni wọ́n ti ń tan ìyẹn. Tí router bá gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo orúkọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, á dáhùn pé èmi rèé, á fi MAC tara ẹ̀ sílẹ̀, á sì bá a gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá. Router àtijọ́ yín ló ń bo àṣìṣe yẹn mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí. Àwọn ará security kì í fẹ́ kí wọ́n tan proxy ARP, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa á lórí tuntun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ìgbà kan wà tí gbogbo iléeṣẹ́ yẹn jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo, 10.10 gbalaja, ìgbà yẹn ni wọ́n fi line 1 sílẹ̀, nígbà tí wọ́n wá pín in, kò sẹ́ni tó rántí PLC.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bẹ́ẹ̀ o, lọ wò ó. Fi láptọ́ọ̀pù rẹ sí port èyíkéyìí lórí switch tí line 1 wà, kó ṣáà wà nínú VLAN kan náà (apá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà lórí switch), ṣí Wireshark tó ń fi ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, fi arp sínú filter. O ò nílò mirror port (port tí switch ń da ọ̀rọ̀ port míì kọ sí), broadcast ni, gbogbo port ló máa ń dé. Ní kí ẹnì kan ping 10.10.20.15 láti orí SCADA. Tó o bá rí Who has 10.10.30.8? Tell 10.10.20.15, tí ẹnikẹ́ni ò sì dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ parí. Module tí mask ẹ̀ tọ́ ò ní bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láéláé, 10.10.20.1 nìkan ló máa wá. Ya fọ́tò ẹ̀ kó o fi ránṣẹ́ sí IT.

ỌmọPáńẹ̀lì:

Ma! Mo ti rí i! Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló wà níbẹ̀, Who has 10.10.30.8? Tell 10.10.20.15, ó jáde léraléra, kò sí èsì kankan. Mo ṣe é fún line 2, 10.10.20.1 ló béèrè, router dáhùn, ping lọ. Mo ti fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí IT, ọ̀gá wọn gbà pé lóòótọ́ ni àwọn pa proxy ARP, ó ní tí mo bá fẹ́, òun lè tan án padà nísinsìnyí kí mánéjà dákẹ́.

Èwo ni kí n ṣe? Tí mo bá fẹ́ yí mask, ṣé mo ní láti fa module jáde?

WáyàPupa:

Ní kí ó tan án padà jàre! Kí ló kàn ọ́, kí iṣẹ́ ṣáà máa lọ.

ÌyáRouter:

Tó bá jẹ́ pé ripọ́ọ̀tù òní ò ṣeé dúró dè, ó lè tan án fún ìgbà díẹ̀, lórí interface 10.10.20 nìkan. Ṣùgbọ́n kó o yí mask kí wọ́n tó tún pa á, torí ẹnì kan á ṣáà tún pa á lọ́jọ́ kan láìsọ fún ẹ, wàá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí kébù. Ohun tí kò tọ́ wà lórí module, ibẹ̀ ni kó o ti tún un ṣe.

Ti fífà jáde, bàbá mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

BàbáLadder:

Kò sí fífà jáde. Nínú RSLinx Classic, RSWho, right-click lórí EN2T, Module Configuration, Port Configuration. Fi Network Mask sí 255.255.255.0, má fọwọ́ kan ìyókù, Apply. Tí kò bá jẹ́ kó o kọ nǹkan kan síbẹ̀, lọ wò bóyá ẹnì kan ti yí àwọn bọ́tìnì yẹn sí 001 dé 254, torí tí bọ́tìnì bá ti ń darí ẹ̀, software ò ní lè yí i. Ìwọ ò ní ìṣòro yẹn, 10.10.20 lo wà, kì í ṣe 192.168.1.

Má ṣe é nígbà tí ìgò ń lọ o. Dúró dìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fọ line tàbí pààrọ̀ ìgò, connection lè já fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, drive tó bá pàdánù PLC ẹ̀ á fault. Kó o má sì gba inú Ethernet yẹn wọlé láti yí i, EN2T ní USB lójú, ki wáyà bọ ibẹ̀. Tó o bá ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, wàá ṣì wà nínú ẹ̀ láti tún un ṣe. ENBT àtijọ́ ò ní USB yẹn, àwọn tó ń lò ó ẹ má wá a.

Lẹ́yìn náà wo PanelView àtàwọn drive tó wà lórí line 1. Ó ṣeé ṣe kí 255.255.0.0 wà lórí gbogbo wọn. Kò tíì hàn torí kò sẹ́ni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti òdìkejì.

ỌmọPáńẹ̀lì:

Mo ṣe é lálẹ́ yìí nígbà tí wọ́n ń fọ line, láti inú USB. Bí mo ṣe tẹ Apply, ìṣẹ́jú kan ò tíì pé tí nọ́ńbà fi padà sójú SCADA. Drive kan fault, a reset ẹ̀, ó lọ. IT ò tan proxy ARP rárá.

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, PanelView àti drive méjì ṣì wà ní 255.255.0.0. Mo ti kọ wọ́n sílẹ̀, Sátidé tí line ò ní ṣiṣẹ́ ni mo máa yí wọn. Ẹ̀yin méjèèjì, Ọlọ́run á bùkún yín.

ẸnjinGen:

Ẹ má bínú pé mo ń dá tèmi mọ́ ọn. Tiwa ní Ṣàgámù níbí, ìgbàkígbà tí NEPA bá mú iná tí UPS ò gbé e títí jẹnẹrétọ̀ fi wọlé, EN2T máa ń pàdánù àdírẹ́sì ẹ̀. NET á kú, ojú kékeré á máa kọ DHCP pẹ̀lú MAC. Kọ́ńtíráítọ̀ tó ṣe é ló máa ń wá pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù ẹ̀ wá fún un ní àdírẹ́sì, owó ló ń gbà. Ṣé mask náà ni?

BàbáLadder:

Rárá o, ìyẹn ò ní mask nínú. Àdírẹ́sì tí kọ́ńtíráítọ̀ yẹn ń fún un, inú tool BOOTP/DHCP (tó ń pín àdírẹ́sì) lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ló ti ń wá, kò sì sọ fún module kó fi pamọ́. Bí iná bá ti lọ, module á tún máa wá ẹni tó máa fún un ní àdírẹ́sì, láptọ́ọ̀pù ti wà nílé oníǹkan. Nígbà tí àdírẹ́sì ṣì wà lórí ẹ̀, lọ sí Port Configuration yẹn kan náà, yí i kúrò ní Dynamic sí Static, Apply. Nínú tool náà, bọ́tìnì tó ń jẹ́ Disable BOOTP/DHCP wà níbẹ̀, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Jẹ́ kí bọ́tìnì róbótó wà ní 999. Kó o wá UPS tó dáa pẹ̀lú.

ẸnjinGen:

999 ni mo bá níbẹ̀. Mo ti yí i sí Static, a pa iná chassis, a tún un tan, àdírẹ́sì ò lọ. Ẹ ṣeun gan-an sà. Tí kọ́ńtíráítọ̀ bá pè mí fún owó oṣù yìí, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún un.